Jámánì Ni Mo Ti Kọ́ Èdè Zulu

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìkirè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wá kí mi kú àbọ̀ ń bi mí: ṣé mo rí yìnyín? Mi ò rí yìnyín. Ìgbà ooru wọn ni mo lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, ojú ọjọ́ á ṣì mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń jáde. Oṣù mẹ́ta ni mo lò láàárín àwọn Jámánì, ṣùgbọ́n èdè tí mo kọ́ bọ̀ kì í ṣe tiwọn. Èdè Zulu ni, èdè àwọn ènìyàn gúúsù Áfíríkà. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Kọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ló fẹ́ ọmọ Zulu. Ìlú Hamburg ni àwọn méjèèjì ti pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, kò sí òbí kankan níbẹ̀. Wọn ò fún èmi ní físà, ìyá ìyàwó ò sì tíì wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Thandeka ni orúkọ ìyàwó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, "Ẹ káàárọ̀, mà" ló fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó gbà kí ojú ti òun nítorí èdè rẹ, ó bu ọlá fún ọ.

Nígbà tó lóyún, a fẹnu kò pé ìyá méjèèjì yóò wá sọ́dọ̀ wọn, èmi láti Ìkirè, ìyá tirẹ̀ láti abúlé wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju kó fi kí ènìyàn lásán lọ.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Kọ́lá wí. "Thandeka á máa túmọ̀ fún yín."

"Tí Thandeka bá ń sùn ńkọ́?" ni mo bi í. "Ta ló ń rán ẹlòmíì kí àna òun, tí òun àti rẹ̀ jọ wà nínú ilé kan náà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe.

GESUNDBRUNNEN

Berlin ni mo kọ́kọ́ balẹ̀ sí, lọ́dọ̀ Bùkọ́lá, àkọ́bí mi, kí n máa retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Gesundbrunnen ló ń gbé. Mo ti rò pé òyìnbó nìkan ni n ó máa rí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kí mi dáadáa níbẹ̀, ọmọ Tọ́kì ni, ọkùnrin tó ń ta èso àti ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ ilé. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì pè mí ní Mama. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó má fi èso kan sí mi lọ́wọ́. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ńkọ́? "Hallo" kan ṣoṣo ni tiwọn. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á wí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, n ó ṣì máa wá ìkíni kejì lẹ́nu, wọn á ti dé ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, ó yé mi pé kì í ṣe ìbínú. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń lọ ní ibi tó ń lọ.

Búrẹ́dì wọn le, ó dúdú, irúgbìn sì wà nínú rẹ̀ tó ń há sí ènìyàn léyín. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ń rì í sínú tíì kí n tó lè jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bùkọ́lá pé kí ló dé tó fi ra èyí tó rọ̀.

Láràárọ̀ ni Thandeka ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ní ohùn ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bu oògùn fún ọmọ. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mò ń kọ wọ́n síbẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ téèyàn kọ sílẹ̀ tí kò sọ síta, ìwé ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ rántí bàbá àwọn ọmọ mi, ọ̀gá iléèwé tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, àti ti àwọn òbí wọn. Ìgbàgbé ló kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi bàtà sí, lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀, ó wò mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Kí ni mo lè máa pè yín?" Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tó ti lọ. Ó wá ku oṣù méjì kí n rìnrìn àjò yìí, mo dúró nínú ilé ìdáná mi ní Ìkirè, mo fẹ́ sẹ́ ògì, mo na ọwọ́ sí ohun tí a fi ń sẹ́ ẹ, n kò sì rí orúkọ rẹ̀ pè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ kó tó wá sí mi lọ́kàn. Asẹ́. Asẹ́ lásán. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ́ èdè Zulu, àna mi nìkan kọ́ ni mò ń kọ́ ọ fún. Mò ń dán orí ara mi wò.

Mo sì ní ọgbọ́n tí mò ń dá sí i. Ubisi ni wàrà lédè wọn. Mo sọ fún ara mi pé abiyamọ tó tún bímọ, ó bí sí i, wàrà ò ní tán láyà rẹ̀. Inyama ni ẹran. Ta ló rí ẹran nínú ọbẹ̀ tí inú ò ní yá a? Ilanga ni oòrùn, mo rántí ilá tí ìyá mi máa ń sá. Inja ni ajá, ìyẹn ò gba wàhálà. Baba sì ni bàbá, bí ẹni pé a ti jọ gbé ilé kan rí. Èyí tó le díẹ̀ ni isinkwa, tí í ṣe búrẹ́dì.

"Báwo lẹ ṣe máa rántí ìyẹn?" ni Bùkọ́lá bi mí nídìí oúnjẹ.

"Ìsìnkú," ni mo dá a lóhùn. "Òkú ta lo rí tí wọ́n sin nílé wa tí wọn ò pín búrẹ́dì?"

Ó gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mọ́mì, mo ṣì fẹ́ jẹun o."

Omi nìkan ni mi ò rí ohun tí mo lè so ó mọ́. Amanzi ni wọ́n ń pè é. Ife omi kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ kí n tó mu ún. Bó ṣe di pé òun gan-an ló dá mi lójú jù nínú gbogbo wọn nìyẹn.

Ohùn mẹ́ta kan wà nínú èdè náà tí kò sí nínú tiwa. Ọ̀kan dà bí ìgbà téèyàn bá ń pòṣé. Èkejì dà bí ohùn tí wọ́n fi ń lé ẹṣin, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń fi lẹ́tà q kọ, dà bí ìgbà tí a bá fa ìdérí ìgò yọ. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, mò ń fi ahọ́n dá a lára wò jẹ́jẹ́. Ìyá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti ajá rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Alles gut?" Ìyẹn ni pé ṣé kò sí wàhálà. Ó rò pé nǹkan ń dùn mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé èdè ni mò ń kọ́. Ó ní kí n ṣe é kí òun gbọ́. Mo ṣe é. Òun náà gbìyànjú, ajá rẹ̀ gbé etí sókè. Báyìí ni àwa àgbàlagbà méjì ṣe ń ta ahọ́n láàárín èrò títí ó fi dé ibi tó fẹ́ sọ̀, kò sì sí ẹni tó wò wá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ó dàbọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Kò bèèrè orúkọ mi. Mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n lè fún ọ ní ọkàn wọn tán fún ibùsọ̀ mẹ́rin, kó tán síbẹ̀, kó má sì sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀.

VEDDEL

Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ ti lé ní ọgọ́ta nígbà tí Kọ́lá pè pé Thandeka ti bí obìnrin, tìyá-tọmọ ń ṣe dáadáa. Bùkọ́lá ò lè kúrò níbi iṣẹ́, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó gbé mi dé ibi ọkọ̀ ojú irin, èmi nìkan ni mo sì dá lọ sí Hamburg.

Ìlú olómi ni Hamburg. Veddel tí àwọn ọmọ mi ń gbé, erékùṣù kékeré ni, ilé bíríkì pupa ló kún ibẹ̀, téèyàn bá gbójú sókè á rí àwọn irin gàgàrà tí wọ́n fi ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Èdè tí mo gbọ́ láàárín ibùdókọ̀ àti ẹnu ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà kò kéré sí mẹ́fà. Kí a tó délé, Kọ́lá ra oúnjẹ kan tí inú ará ibẹ̀ máa ń dùn sí: ẹja tí iná ò kàn, wọ́n fi àlùbọ́sà sí i, wọ́n há a sáàárín búrẹ́dì. Mo bi í pé ta ló ń lé wọn tí wọn ò fi lè dúró kí ẹja náà jinná. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo jẹ ẹ́ tán.

Àna mi ti dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú mi. MaDube ni wọ́n ń pè é, torí Dube ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo bá a lórí ẹní koríko tó ká wá láti ilé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè dúdú pẹlẹbẹ. Kọ́lá gbé àpótí mi sílẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ kó èyí tó kù. Thandeka àti ọmọ ń sùn nínú yàrá. Ó wá ku èmi àti àna mi.

Mo kúnlẹ̀. "Sanibonani, Mama," ni mo wí.

Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó sì tún wolẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé ojú rẹ̀. "Yebo, sanibonani. Ninjani?"

"Ngiyaphila," ni mo dáhùn, pé ara mi le. Ọkàn mi fò fáyọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ rí wà níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́ mi.

MaDube fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó ní, "Ngicela amandambi."

Mo mọ ngicela, ó túmọ̀ sí pé ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni amandambi? Mo wá a nínú orí mi, n kò rí i. Mo rẹ́rìn-ín, mo mi orí bí ẹni tó gbọ́, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sì dúró sáàárín rẹ̀. Irú ìdúró yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti Ìkirè. Níkẹyìn, mo gé búrẹ́dì, mo fi bọ́tà sí i, mo gbé e lọ. MaDube fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì rọra jẹ ẹ́ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i bó ṣe ń le láti gbé e mì.

Kọ́lá wọlé, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ó bu omi fún un láìbi í léèrè. Ó mu ife náà tán láìdúró.

"Amanzi," ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì nawọ́ sí ife náà. Inú mi dùn pé ó kéré tán, ìyẹn ò tíì lọ.

MaDube fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sunkún kiri. Mo wọ yàrá tí wọ́n fún mi, mo ṣí ìwé mi. Amanzi, omi: ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, lọ́wọ́ ara mi. Àbí mo gbọ́ ọ sódì? Àbí mo ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀, bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ tó dá mi lójú jù bá ti wọ́, èwo ló kù nínú ọgọ́ta náà tí mo lè gbára lé? Mi ò lè bi Thandeka léèrè, ojú ń tì mí. Mo pe Bùkọ́lá níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo fún un, títí dórí asẹ́.

Ó ní, "Mọ́mì, èmi náà ti ń ṣọ́ yín láti ọjọ́ tí Dádì ti kú. Tí ẹ bá ti dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, àyà mi á já. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ kẹ́ẹ má bàa rò pé mò ń wá àìsàn sí yín lára."

"A ti jọ ń bẹ̀rù, oníkálukú sí igun tirẹ̀," ni mo wí.

"Tí ẹ bá padà dé Berlin, èmi àti yín la jọ máa lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi Thandeka léèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi ohun tẹ́ ò tíì wádìí."

ORÚKỌ BÀBÁ ỌKỌ

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Thandeka jọ wẹ ọmọ. Nígbà tí mo ń ta ọmọ náà lómi, mo fi ọgbọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń pe èyí lédè wọn.

"Amanzi, Mama. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

"Kí wá ni amandambi?"

Thandeka dúró, kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún káàánú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bàbá bàbá òun, ẹni tí ìyá òun wá fẹ́ ọmọ rẹ̀, Manzezulu lorúkọ rẹ̀. Nílé wọn, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, kì í sì í pe ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró orúkọ náà bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí MaDube ti wọlé ọkọ, kò pe omi lórúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Amandambi ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyàwó fi dípò rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tí kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún yín," ni Thandeka wí. "Bàbá náà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Síbẹ̀, kò pè é. Ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò jẹ̀bi, etí rẹ̀ ni kò bá a lára mu."

Mo jókòó sórí àga kékeré tó wà nílé ìwẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí mi kọ́ ló gbàgbé o. Ọ̀wọ̀ ẹlòmíì ni mo bá pàdé lójú ọ̀nà tí n kò dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwa náà ní in nílé. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo sọ ní Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́jọ́ tí mo dé ilé ọkọ. Ó ti sanra báyìí débi pé ó ń gba ẹnu ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni mò ń pè é, torí pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ.

Mo bu omi sínú ife, mo gbé e lọ bá MaDube lórí ẹní. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀. "Amandambi, Mama," ni mo wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí lójú. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ lu ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó. Thandeka wá túmọ̀ ìtàn Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò pe omi ní amanzi mọ́ níwájú rẹ̀. Mo fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé mi, mo kọ èkejì sísàlẹ̀ rẹ̀, omi sì di méjì fún mi.

ROTHENBURGSORT

Ìjọ aláṣọ funfun kan ni Kọ́lá ń lọ, ní Rothenburgsort, ní òdìkejì odò. Òkè ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Téèyàn bá gun àtẹ̀gùn irin náà dókè, á bọ́ bàtà, á gbọ́ òórùn tùràrí, á rò pé òun ti dé Ìkirè, àfi tí àwọn ọmọdé bá ń bá ara wọn jà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé Jámánì ni wọ́n fi ń jà. Àwọn ìyá ìjọ ti se mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì. Bùkọ́lá ti dé láti Berlin láàárọ̀ ọjọ́ náà.

A ti ṣètò pé ìyá méjèèjì ni yóò pe orúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n kí oníkálukú pe èyí tí ẹnì kejì mú wá. MaDube ló kọ́kọ́ gba makirofóònù. "Mojísọ́lá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó rọlẹ̀ níbi tó yẹ kó rọlẹ̀. Wòlíì ìjọ wo àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

Ó kàn mí. Mo gba makirofóònù, mo la ẹnu, orúkọ náà ò sí níbẹ̀. Mo ti pè é lọ́gọ́rùn-ún ìgbà lọ́sẹ̀ náà. Mo ti pè é nígbà tí mò ń fọ aṣọ kékeré ọmọ náà, mo ti pè é sí i létí. Ó ti lọ. Ìjọ ń dúró. Mo rí Bùkọ́lá láàárín èrò, mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

Mo yíjú sí MaDube. "Ngikhohliwe," ni mo sọ fún un. Mo ti gbàgbé ni. Ọ̀rọ̀ Zulu ni, ó sì jáde láìṣì.

Kò fi hàn pé nǹkan ṣe. Kò sọ orúkọ náà fún mi. Ó kàn sún mọ́ mi, ó fi ahọ́n ta òkè ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn ìgò tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Ìyẹn tó.

"Nqobile," ni mo wí, makirofóònù sì gbé ìró náà ká gbogbo ilé. Àwọn ọmọdé fò sókè, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ahọ́n. "Ó túmọ̀ sí pé ó ti ṣẹ́gun," ni mo sọ fún ìjọ, wọ́n sì ṣe àmín tó pẹ́.

Nígbà tí a ń jẹun, Bùkọ́lá jókòó tì mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù bà mí."

"Ó bà mí náà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n o rí i, mo gbàgbé, ilé ò wó."

Kí ẹ má bàa máa kọminú: a padà lọ rí dókítà náà ní Berlin lóòótọ́. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó ní kí n ya aago, ó ní kí n ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá. Ó ní orí mi ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí mi, àti pé kí n padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan. Ó bi mí pé kí ni mo fi ń dá ara mi lára yá. Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

LẸ́BÀÁ ODÒ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni èmi àti MaDube jọ lò. Ó kọ́ mi ní oúnjẹ wọn, uphuthu, àgbàdo tí wọ́n rò kó máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń da wàrà kíkan lé lórí. Wàrà kíkan àwọn Jámánì ni a rà ní ilé ìtajà, ó tọ́ ọ wò, ó ní kò burú fún màlúù tí kò gbọ́ Zulu. Èmi náà kọ́ ọ ní mọ́ínmọ́ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, a gbé oúnjẹ náà sínú ike, àwa àti Thandeka àti ọmọ, a lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá odò Elbe, à ń wo àwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù kọjá.

MaDube bi mí nípa ọkọ mi. "Washona," ni mo dáhùn. Ó ti wọ̀, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo wá a, mo sì rí i. "Wakhohlwa igama lami." Ó gbàgbé orúkọ mi.

Ọkọ̀ kan kọjá tán. MaDube gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ní, "Uyamkhumbula?"

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ìrántí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí rẹ̀, mo rántí bó ṣe ń rìn, mo rántí ẹfun tó máa ń wà ní etí àpò rẹ̀. Thandeka ń túmọ̀, ó wá dúró.

"Mama, kì í ṣe ìyẹn nìkan ni wọ́n ń bi yín," ni ó wí. "Lédè wa, kéèyàn rántí ẹnì kan, àti kí àárò rẹ̀ máa sọni, ọ̀rọ̀ kan náà ni."

Mo wo omi. Láti ọdún mẹ́ta, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ìfaradà. Mi ò rántí ẹni tó bi mí bóyá àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo tún ìdáhùn mi ṣe. "Ngiyamkhumbula," ni mo wí, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ láìmọ̀.

"Nami," ni MaDube wí. Èmi náà. Opó ni òun pẹ̀lú. A jẹ uphuthu wa.

ÌDÁGBÉRE

Ọjọ́ kan náà ló bọ́ sí fún àwa méjèèjì láti kúrò ní Hamburg. Òun ń lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, èmi ń padà sí Berlin. Gbogbo wa jọ dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá wọn, láàárín èrò tó ń sáré, Kọ́lá gbé ọmọ sáyà, Thandeka di àpò ìyá rẹ̀ mú.

Lédè Zulu, ìdágbére méjì ló wà. Ẹni tó ń dúró á sọ fún ẹni tó ń lọ pé kó lọ ire: hamba kahle. Ẹni tó ń lọ á sọ fún ẹni tó ń dúró pé kó dúró ire: sala kahle. Mo ti kọ́ méjèèjì, wọ́n dá mi lójú. MaDube dojú kọ mí, ó la ẹnu, ó dúró. Èmi náà la ẹnu, mo dúró. Ta ló ń lọ? Ta ló ń dúró? A wo ara wa, a sì bú sẹ́rìn-ín.

"Hambani kahle," ni ó sọ níkẹyìn. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀ fún un. A jọ ń lọ, kí a jọ lọ ire. Ó gbá mi mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì yíjú sí Kọ́lá. Ọmọ náà ti jí, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo iná tó wà lókè. Ìlú yìí kì í ṣe ti MaDube, kì í ṣe tèmi, ó sì dá mi lójú pé ọkàn Kọ́lá àti Thandeka máa ń kúrò níbẹ̀ lọ sílé nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òun, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. MaDube fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, mo fọwọ́ kan èkejì.

"Sala kahle, Nqobile," ni ó wí.

"Dúró ire, Mojísọ́lá," ni mo wí, ọkọ̀ mi sì dé.